Táǹkì ẹja onífèrèsé gíláàsì tí a kọ́ sí Ẹ̀pẹ́

Inú táǹkì náà gùn ní mítà 2.4, ó fẹ̀ ní mítà 1.2, omi rẹ̀ sì ga ní sẹ̀ǹtímítà 90. Bí ẹ bá ṣe ìṣirò rẹ̀, lítà 2,592 ni omi tó ń gbà. Lítà omi kan, kìlógíráàmù kan ni, nítorí náà omi nìkan ti lé ní tọ́ọ̀nù méjì àbọ̀, a ò tíì ka búlọ́ọ̀kù mọ́ ọn. Orí ilẹ̀ ló wà, ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ búkà àǹtí mi. Ẹni tó bá fẹ́ kọ́ irú rẹ̀ sórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ẹnjiníà ni kó kọ́kọ́ wá lọ kó tó pe bíríkìlà.

Búkà náà kò jìnnà sí ọjà ẹja Olúwo. Àwọn tó ń ti Èkó wá ra ẹja lópin ọ̀sẹ̀ ló pọ̀ jù nínú àwọn tó ń jẹun níbẹ̀, àǹtí sì fẹ́ kí wọ́n máa rí àrọ̀, epìyà àti ọ̀bọ̀kún láàyè bí wọ́n ṣe ń dúró de oúnjẹ. Táǹkì gíláàsì kékeré bí èyí tí wọ́n ń gbé sí ọ́fíìsì kò lè gba àrọ̀, torí pé àrọ̀ tó bá rí oúnjẹ àti ààyè lè gùn ju mítà kan lọ. Ká sì ní ká ṣe gíláàsì lójú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ìwọ̀n tí mo sọ yìí, owó rẹ̀ á gbé búkà lọ. Ìdí nìyẹn tí a fi mú búlọ́ọ̀kù àti kọnkéré, tí a sì ṣí ojú kan ṣoṣo sílẹ̀ fún fèrèsé.

Gíga omi

Táǹkì tó ga bí èèyàn ni àǹtí kọ́kọ́ fẹ́. Mo ní, "Àǹtí, ẹ jẹ́ ká fi kún gígùn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká dín gíga rẹ̀ kù." Wọ́n rò pé owó ni mò ń ṣọ́. Òótọ́ ni pé mò ń ṣọ́ owó, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí omi ṣe ga tó ló ń pinnu bó ṣe máa ti ògiri tó, bó ti wù kí omi náà pọ̀ tó. Bí táǹkì yìí bá gùn láti Ẹ̀pẹ́ dé Lẹ́kí, tí omi rẹ̀ kò sì kọjá sẹ̀ǹtímítà 90, ohun tí mítà kọ̀ọ̀kan ògiri rẹ̀ ń fara dà kò ní yàtọ̀ sí ti èyí tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Àmọ́ ẹ sọ gíga omi di ìlọ́po méjì, ẹ ó rí i pé agbára tó ń ti ògiri ti di ìlọ́po mẹ́rin, nítorí pé omi ń tì í le sí i, ibi tó sì ń tì ti fẹ̀ sí i. Ibẹ̀ ni owó irin róòdù àti owó gíláàsì ti ń fò sókè.

Dípò kí a gbé omi sókè, a gbé ilẹ̀ táǹkì sókè. A fi búlọ́ọ̀kù yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ ká ní sẹ̀ǹtímítà 60, a kó yanrìn sí i, a gún un le dáadáa, a wá da kọnkéré lé e. Ẹni tó bá jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ojú rẹ̀ á ṣe wẹ́kú pẹ̀lú fèrèsé. Àǹtí rí gíga tí wọ́n fẹ́, omi kò sì rí i.

Ìpìlẹ̀ àti ògiri

Iṣẹ́ bíríkìlà tó wà níbí kò ṣàjèjì sí ẹnikẹ́ni tó ti kọ́lé rí, nítorí náà mi ò ní pẹ́ lórí rẹ̀. Kọnkéré ilẹ̀ táǹkì nípọn ní sẹ̀ǹtímítà 15, irin róòdù mìlímítà 12 ló wà nínú rẹ̀ ní ìbú àti òòró. Búlọ́ọ̀kù ínṣì mẹ́sàn-án la tò, a mú irin gòkè láti inú kọnkéré ilẹ̀ gba inú ihò búlọ́ọ̀kù kọjá, a sì fi kọnkéré dí gbogbo ihò náà. Búlọ́ọ̀kù kankan kò kan etí fèrèsé. Òpó kọnkéré ló wà lápá ọ̀tún àti lápá òsì, ìsàlẹ̀ àti òkè rẹ̀ náà kọnkéré ni, irin sì so gbogbo rẹ̀ pọ̀.

Yanrìn pọ̀ ní Ẹ̀pẹ́ bí ẹ bá ṣe fẹ́ ẹ tó, torí ọ̀sà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa. Bàbá bíríkìlà mú díẹ̀ nínú èyí tí wọ́n kọ́kọ́ já sílẹ̀, wọ́n fi sí ahọ́n, wọ́n tu ú dànù, wọ́n ní kí awakọ̀ máa gbé e lọ. Ìkarahun wẹẹrẹ wà nínú rẹ̀, iyọ̀ sì wà níbẹ̀, iyọ̀ ló sì ń jẹ irin róòdù láti inú kọnkéré wá. Èyí tó mọ́ la lò: ìwọ̀n sìmẹ́ǹtì kan, yanrìn ẹyọ kan àbọ̀, gíránáìtì mẹ́ta, omi sì níwọ̀n. Kọnkéré tí omi rẹ̀ bá pọ̀ jù rọrùn láti dà, ṣùgbọ́n bí omi yẹn bá gbẹ tán, ihò tóóró ló ń fi sílẹ̀, inú ihò yẹn sì ni omi táǹkì máa ń gbà jáde.

Lẹ́yìn tí a dà á tán, àpò tí a rẹ sínú omi la fi bò ó láràárọ̀ àti lálaalẹ́. Ọjọ́ 28 làwọn onímọ̀ kọnkéré máa ń kà kí wọ́n tó wọn agbára rẹ̀, àwa náà kò sì yára jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Fèrèsé

Ihò fèrèsé gùn ní sẹ̀ǹtímítà 120, ó ga ní 60. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ fi sẹ̀ǹtímítà 15 ga ju ilẹ̀ táǹkì lọ, òkè rẹ̀ sì fi sẹ̀ǹtímítà 15 rẹlẹ̀ sí ojú omi. Àárín fèrèsé wá bọ́ sí sẹ̀ǹtímítà 45 lábẹ́ omi. Ẹ fi mítà 0.45 yẹn sọ ìwọ̀n ojú ihò náà di púpọ̀, ìyẹn 0.72, ẹ ó rí i pé kìlógíráàmù 324 ni omi fi ń tì í. Àpò sìmẹ́ǹtì mẹ́fà àti ààbọ̀ ni yẹn, kò sì ní gbé ara kúrò tọ̀sán-tòru.

Bàbá bíríkìlà ti ń kọ́lé kí wọ́n tó bí mi. Nígbà tí mo sọ fún wọn pé inú táǹkì la ó ti gbé gíláàsì sí ihò, wọ́n ṣí fìlà, wọ́n họ orí.

"Ọmọ mi, ìta la ti ń gbé fèrèsé sílé. Bó bá sán lọ́la ńkọ́? Ṣé wàá gbọ́n omi tán kí o tó pààrọ̀ rẹ̀ ni?"

"Bàbá, ẹ má bínú. Ibo ni omi á máa tì í sí?"

"Ìta ni."

"Tó bá wá jẹ́ pé ìta la lẹ̀ ẹ́ mọ́, kí ló máa dá a dúró?"

"Gọ́ọ̀mù." Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Gọ́ọ̀mù nìkan!" Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n dé fìlà wọn padà. "Ó yé mi. Kí ògiri fúnra rẹ̀ dá a dúró."

Gbogbo ọ̀rọ̀ fèrèsé táǹkì kò ju ìyẹn lọ. Bí gíláàsì bá wà nínú, bí omi bá ṣe ń tì í ló ṣe ń lẹ̀ mọ́ ògiri sí i. Sílíkónì, ìyẹn gọ́ọ̀mù náà, kò gbé ẹrù kankan, kìkì kó má jẹ́ kí omi gba àlàfo kọjá ni iṣẹ́ tirẹ̀. Bí ó bá wà níta, gbogbo kìlógíráàmù 324 yẹn á máa fà á ya kúrò lára ògiri lójoojúmọ́.

Gíláàsì tí a rà tóbi ju ihò lọ ní sẹ̀ǹtímítà méje àbọ̀ yí ká, ìyẹn 135 sí 75. Oníṣòwò gíláàsì fẹ́ ta tempered, gíláàsì tí wọ́n fi iná mú le, fún mi, ó ní òun ló le jù. Ó le lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá gbá etí rẹ̀ lọ́nà òdì, gbogbo rẹ̀ ló máa ń túká wẹ́wẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà, tọ́ọ̀nù méjì omi á sì dà sórí àwọn tó ń jẹun. Laminated ni mo ní kí wọ́n ṣe: gíláàsì méjì tó nípọn ní mìlímítà 12 níkọ̀ọ̀kan, tí ọ̀rá líle so pọ̀ láàárín. Bí ọ̀kan bá sán, èkejì wà lẹ́yìn rẹ̀, àyè á wà láti tú omi sílẹ̀. Mo ronú nípa acrylic pẹ̀lú, ìyẹn ike tó mọ́ gaara bíi gíláàsì. Ó fúyẹ́, kì í tètè fọ́, ṣùgbọ́n nǹkan tètè ń ha á lára, níbi tí wọ́n á ti máa nu ojú rẹ̀ lójoojúmọ́ pẹ̀lú àkísà búkà, kò ní pẹ́ tí á fi ṣú. Yàtọ̀ sí ìyẹn, sílíkónì kò lẹ̀ mọ́ acrylic tó bó ṣe ń lẹ̀ mọ́ gíláàsì.

Ibi tí iṣẹ́ yìí ti le jù ni etí ihò náà, níbi tí gíláàsì ti máa fara ti kọnkéré. Ó gbọ́dọ̀ tẹ́jú pátápátá. Bí ibì kan bá yọ gọngọ, orí ibẹ̀ nìkan ni gíláàsì máa jókòó lé, ibẹ̀ náà ni á sì ti sán. Bàbá fi sìmẹ́ǹtì rẹ́ ẹ, wọ́n gbé irin alumíníọ́mù gígùn kan lé e, mo ń fi káàdì báǹkì yẹ abẹ́ irin náà wò ní gbogbo ọ̀nà. Níbi tí káàdì bá ti wọlé, wọ́n á tún un rẹ́. Ó sú wọn, wọn kò sì fi bò fún mi, ṣùgbọ́n wọ́n ṣe é.

Sìmẹ́ǹtì àti sílíkónì kì í ṣe ọ̀rẹ́. Sílíkónì tó ń rùn bí ọtí kíkan nígbà tó bá ń gbẹ, ásíìdì ló ń tú jáde, ásíìdì yẹn sì ń bá ẹfun inú sìmẹ́ǹtì jà. Ìyẹ̀fun ló máa ń kù láàárín wọn, ohun tó bá sì lẹ̀ mọ́ ìyẹ̀fun, kò lẹ̀ mọ́ nǹkan kan. Nítorí náà ẹpọ́sì, ọ̀dà tó ń gbẹ di líle bí ike, ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ bo kọnkéré, kí sílíkónì lẹ̀ mọ́ ẹpọ́sì. Ẹpọ́sì náà ní ti tirẹ̀: kò fẹ́ ọ̀rinrin. Ògiri lè gbẹ lójú, kí omi ṣì wà nínú rẹ̀. Ohun tí a ṣe ni pé a gé ọ̀rá nylon funfun, a fi téèpù lẹ etí rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ògiri, a fi sílẹ̀ mọ́jú. Ní àárọ̀ àkọ́kọ́, ìsun omi tò sí abẹ́ ọ̀rá náà bí òógùn. A dúró. A tún un lẹ̀ lẹ́yìn tí ọyẹ́ ti fẹ́ díẹ̀, ó gbẹ fúrúfúrú, a sì kun ẹpọ́sì léraléra sí gbogbo inú táǹkì, èyí tí wọ́n ń lò fún táǹkì omi mímu. Àwọ̀ búlúù tó ṣú la mú fún ògiri ẹ̀yìn, kí ara ẹja lè yọ dáadáa níwájú rẹ̀.

Sílíkónì dúdú ni mo rà, mo sì ka ẹ̀yìn rẹ̀ dáadáa kí n tó sanwó. Èyí tí wọ́n ṣe fún balùwẹ̀, tó ní kò ní jẹ́ kí èbu hù, oògùn wà nínú rẹ̀, ohun tó sì ń pa èbu lè pa ẹja.

Ọjọ́ tí a gbé gíláàsì sí i, èèyàn mẹ́rin ló gbé e, torí ó wúwo tó kìlógíráàmù 60. A ti kọ́kọ́ ṣe ìdúró kọnkéré kékeré méjì sí ìsàlẹ̀, a tẹ́ rọ́bà sí orí wọn kí gíláàsì lè jókòó. A tún lẹ àwọn rọ́bà tínínrín mìíràn mọ́ etí ihò kí sílíkónì lè nípọn dọ́gba, kí gíláàsì má fara kan kọnkéré níbì kankan. Èmi àti ọmọ iṣẹ́ bàbá tẹ sílíkónì yí ihò náà ká lẹ́ẹ̀kan náà, òun láti ọ̀tún, èmi láti òsì, nítorí kì í pẹ́ tí awọ fi ń bo ojú rẹ̀. Wọ́n gbé gíláàsì lé e, a tì í díẹ̀díẹ̀ títí sílíkónì fi yọ jáde yí ká.

Ẹ̀yìn ìgbà náà ni mo bọ́ síta láti wo o. Ìdí tí mo fi yan dúdú nìyí: níbi tó bá ti lẹ̀ mọ́ gíláàsì, ó ń dán dúdú kirikiri, níbi tí afẹ́fẹ́ bá há sí, ó ń hàn bí eérú. Ìlà eérú kan wà ní igun òkè lápá òsì, ó gùn tó ìka. Mo ní kí wọ́n tún fọwọ́ tì í níbẹ̀, ìlà náà kéré, ó kéré, ó sì parẹ́. A fi igi gbè é lẹ́yìn, a kò sì fọwọ́ kàn án mọ́ títí òórùn kíkan fi lọ pátá. Láti etí ni sílíkónì ti ń gbẹ wọ inú, ọ̀rinrin afẹ́fẹ́ ló sì ń gbẹ ẹ́. Ibi tó fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà méje àbọ̀ kò lè gbẹ lọ́sàn-án kan.

Omi àkọ́kọ́

Sẹ̀ǹtímítà 30 la kọ́kọ́ rọ, lẹ́yìn náà 60, kó tó di 90, a sì ń fi í sílẹ̀ láàárín wọn. Mo fi pẹ́ńsù fa ìlà sí ojú omi, mo gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì omi kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, mo fa ìlà sí ìyẹn náà. Omi tó bá fà nínú méjèèjì bákan náà, afẹ́fẹ́ ló gbé e lọ. Bí ti táǹkì bá fà jù ti bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ, ó ń jò. Wọ́n fà dọ́gba. Ibì kan ṣoṣo tó kán tó-tó-tó ni ìdí páìpù ìtúmi, pùlọ́ńbà pààrọ̀ rọ́bà rẹ̀, ó dáwọ́ dúró. Fèrèsé kò sun ẹ̀kán kan.

Omi tí a fi ṣe àyẹ̀wò yẹn, a dà á nù, ó sì yẹ ká dà á nù. Omi bọ́háòlù tó wà níbẹ̀ ń jáde lẹ́nu ẹ̀rọ ní mímọ́ gaara. Ẹ pọn ọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì funfun, ẹ fi í sílẹ̀ mọ́jú, ẹ ó bá ìpàǹtí tó rí bí ìpẹtà nísàlẹ̀ rẹ̀. Irin ló wà nínú omi náà. Nígbà tó bá wà nísàlẹ̀ ilẹ̀, kò rí afẹ́fẹ́, kò sì hàn. Bó bá kan afẹ́fẹ́, á di ìpẹtà, ìpẹtà yẹn á sì lẹ̀ mọ́ iga ẹja, ibi tó fi ń mí nínú omi. Inú táǹkì Géépéé ìta la kọ́kọ́ ń fà á sí báyìí, a gbé páìpù sókè kí omi máa já bọ́ láti òkè, a jẹ́ kó silẹ̀, ojú omi nìkan la sì ń fà wọlé.

Asẹ́ àti iná

Páìpù kan tó wà lókè ń gba omi ojú táǹkì lọ sínú dúrọ́ọ̀mù búlúù méjì lẹ́yìn ògiri. Fóòmù ló wà nínú ti àkọ́kọ́, ó ń gba ìdọ̀tí. Inú èkejì, àwọ̀n ìpẹja àtijọ́ la kó sí i, tí a ti fọ̀, tí a sì ti gé. Àwọ̀n kò wọ́n ní Ẹ̀pẹ́, okùn rẹ̀ sì jẹ́ ibùgbé fún bakitéríà tó ń sọ amóníà inú ìgbẹ́ ẹja, tó lè pa ẹja, di nitrite, àti òmíràn tó ń sọ nitrite di nitrate, èyí tí kò fi bẹ́ẹ̀ pa ẹja lára. Pọ́ńpù ń dá omi padà láti ibẹ̀.

Ohun tí ẹni tó bá ń ṣe irú rẹ̀ gbọ́dọ̀ rò ni ìgbà tí wọ́n bá mú iná lọ, wọn á sì mú un lọ. Bí pọ́ńpù bá dákẹ́, páìpù tó ń dá omi padà lè bẹ̀rẹ̀ sí í fa omi táǹkì sínú dúrọ́ọ̀mù. Sẹ̀ǹtímítà méjì péré lójú táǹkì yìí ju lítà 57 lọ. A lu ihò kékeré sí páìpù náà lábẹ́ ojú omi díẹ̀. Bí omi bá fà dé ihò náà, afẹ́fẹ́ á wọlé, ìfàmu á já. A tún fi pẹ́ńtì pupa fa ìlà sí ara dúrọ́ọ̀mù, omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ kọjá ibẹ̀ nígbà tí iná bá wà, kí ó lè gba èyí tó bá ṣẹ́ kù.

Ẹ̀rọ kékeré tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú omi wà lórí bátìrì àti sólà, ó yàtọ̀ sí pọ́ńpù. Àrọ̀ kò ní ìṣòro, ó lè gòkè wá mí afẹ́fẹ́ lójú omi, ó ní ẹ̀yà ara fún un lókè iga. Ọ̀bọ̀kún kò lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ inú omi bá ń tán, òun ló máa kọ́kọ́ dojú délẹ̀. Nítorí ọ̀bọ̀kún la ṣe ra bátìrì.

Ẹja

Ọ̀rẹ́ kan tó ń sin àrọ̀ fún mi ní fóòmù ìdọ̀tí láti inú asẹ́ rẹ̀, a jù ú sínú dúrọ́ọ̀mù kí bakitéríà lè tètè gbilẹ̀. Bí a kò bá rí irú rẹ̀, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà ni ó sábà máa ń gbà kí omi tó gba ẹja. Epìyà díẹ̀ la kọ́kọ́ kó sí i, mo sì ń yẹ amóníà wò kí a tó fi òmíràn kún un. Àwọn ìyá ní Olúwo bá wa ṣa àrọ̀ tí ẹnu wọn kò tíì gba epìyà, nítorí ohunkóhun tó bá wọ ẹnu àrọ̀, oúnjẹ ni. Ọ̀bọ̀kún, abọ́ la fi gbé e. Ẹ̀gún ẹ̀yìn rẹ̀ àti ti ẹ̀gbẹ́ máa ń há sínú àwọ̀n, kí ẹ tó tú u tán, ó ti rẹ̀ ẹ́.

Láti ọ̀dọ̀ àwọn tó ń jẹun, ó dà bíi pé ẹja súnmọ́ wọn ju bó ṣe wà lọ. Omi ló ń tẹ ìmọ́lẹ̀ bẹ́ẹ̀: ògiri ẹ̀yìn tó jìn ní mítà 1.2, bíi sẹ̀ǹtímítà 90 ló ń rí lójú. Àwọn kan ti ń nawọ́ sí àrọ̀ pé òun ni kí wọ́n sè fún àwọn. Àǹtí ti gbé agbada ẹja títà sí ẹ̀yìnkùlé, wọ́n ní ti inú gíláàsì kì í ṣe ti ọbẹ̀.

Ó ku àwọ̀n irin tó máa bo òkè táǹkì, nítorí àrọ̀ máa ń fò, pàápàá bí òjò bá ń rọ̀ lóru. Ó tún ku àgádágodo fún fáàfù ìtúmi, kí ọmọ kan má lọ ṣí i. Wẹ́dà ní àwọ̀n irin ń bọ̀. Títí tó fi máa dé, pákó méjì la fi bo ojú táǹkì, búlọ́ọ̀kù tó ṣẹ́ kù la sì gbé lé wọn.